Ìyàwó Rẹ̀ Ti Di Sítísìn, Kí Ló Dé Tí Páálí Ò Wọlé?

Gbólóhùn kan ti di orin lẹ́nu àwọn ará wa ní Houston, ní Baltimore, ní Bronx: "Ìyàwó ẹ ti di sítísìn, kí lo tún ń bẹ̀rù?" Wọ́n á sọ ọ́ nídìí ìrẹsì òde àríyá, wọ́n á sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, wọ́n á tún sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í purọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ: físà ìbẹ̀wò ló gbé e wọlé, físà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé sítísìn níyàwó, nígbà tó yá, páálí, ìyẹn green card, ìwé àṣẹ ìgbélùú, wọlé. Ó wá rò pé ìyàwó ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú JFK lọ́jọ́ tó dé ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ní Lágbájá, ká pe ìyàwó rẹ̀ ní Tẹ̀mẹ̀dù. Àpẹẹrẹ ni wọ́n, mo ṣà wọ́n jọ láti fi la ọ̀rọ̀ yé ara wa ni. Lágbájá bá físà ìbẹ̀wò wọ New York ní 2008. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un, ọdún mẹ́fà ló lò. Ní 2014, ìyá rẹ̀ kú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun ni àkọ́bí. Ta ni yóò bá a sin ìyá? Ó lọ. Nígbà tó fẹ́ padà, wọn ò fún un ní físà mọ́. Ní 2016, ó wọ bàálù lọ sí São Paulo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gba inú igbó Darién láàárín Kòlóńbíà àti Panamá, títí ó fi la odò Rio Grande kọjá sí Texas lóru ọjọ́ kan. Ẹnikẹ́ni ò mú un. Lẹ́yìn náà ló pàdé Tẹ̀mẹ̀dù, nọ́ọ̀sì tó ti búra di sítísìn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 2019, wọ́n sì ti bímọ méjì.

Lójú àna, kí wọ́n kàn kọ fọ́ọ̀mù ló kù. Lójú òfin ìgbélùú Amẹ́ríkà, ó ṣòro kéèyàn tó wà nípò tó burú ju ti Lágbájá lọ, láìjẹ́ pé ó jalè tàbí ó pààyàn.

Ohun méjì là ń béèrè

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni pé wọ́n rò pé ohun kan ṣoṣo ni tọkọtaya ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Méjì ni. Àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù I-130, tí Tẹ̀mẹ̀dù fúnra rẹ̀ máa kọ pé ọkọ mi nìyí, ìgbéyàwó wa kì í ṣe ti ìwé, èyí téèyàn ń ṣe torí páálí nìkan. Wọ́n á kó fọ́tò ìgbéyàwó jọ, ìwé ilé tí orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, ìwé owó orí, ìwé ìbí àwọn ọmọ. Láti oṣù Kẹrin 2024, dọ́là 675 ni owó rẹ̀ téèyàn bá fi bébà ṣe é, 625 tó bá ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba lè fọwọ́ sí i láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí yẹn ò fún Lágbájá láṣẹ àtigbé ìlú, kò fún un níwèé iṣẹ́, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má lé e. Ẹ̀rí pé ọkọ rẹ̀ ni, ó parí.

Èkejì ni páálí gan-an. Ibi méjì ni wọ́n ti ń gbà á: nínú ìlú Amẹ́ríkà, tàbí ní ẹ́ḿbásì tó wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á nínú ìlú, òfin 1952, abala 245, béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó béèrè ohunkóhun: ṣé òṣìṣẹ́ ẹnubodè rí ọ, ṣé ó yẹ̀ ọ́ wò, ṣé ó sì gbà ọ́ wọlé? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ tàbí ìyàwó sítísìn lè gba páálí láìkúrò lójú kan, kódà bó ti lo ogún ọdún láìníwèé. Òfin dárí àpẹ́jù jì í. Kò dárí ọ̀nà ẹ̀bùrú jì í. (Ẹ kíyè sí i pé sítísìn ni mo sọ. Ẹni tó ní páálí lásán ò lè fún ọkọ rẹ̀ ní àǹfààní yìí.)

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì. Ẹnìkan jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè bojú wo inú ọkọ̀, ó juwọ́ pé kí wọ́n máa lọ, kò béèrè ìwé kankan. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ ìgbélùú sọ ní 2010 pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba ẹnubodè wọlé lóòótọ́. Ibi tó ti le ni kó fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá sì ṣe pé ẹ̀ṣọ́ béèrè, tó dáhùn pé "sítísìn ni mí", ó ti wọ gàù. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní sítísìn nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, láti òpin oṣù Kẹsàn-án 1996 síwájú, kò sí ìwé ìdáríjì tí ìgbéyàwó lè gbà fún un. Àwọn ará wa tó fi àmì sí àpótí "citizen" nínú fọ́ọ̀mù iṣẹ́ láìrònú, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ yìí.

Ìyà tó ń sùn

Ẹni tó wá gba fàyàwọ́ wọlé ńkọ́? Òfin á ní kó jáde lọ gba tirẹ̀ nílé: ní Ciudad Juárez fún ará Mẹ́síkò, ní ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà tó wà ní Walter Carrington, Victoria Island, Lagos, fún tiwa. Ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1996, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1997. Òfin yìí ní ẹni tó bá gbé láìgbàṣẹ kọjá ọjọ́ 180, tí kò pé ọdún kan, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, kò gbọdọ̀ padà wọlé fún ọdún mẹ́ta. Tó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó di ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dẹ ẹ́: ìyà náà ń sùn ni, níwọ̀n ìgbà téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìlú. Ọjọ́ tó bá wọ bàálù ló ń jí. Òfin ní kí o jáde lọ gba ìwé. O bá jáde, òfin kan náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ síta.

Ọjọ́ tí ọmọdé bá lò kó tó pé ọdún 18 kì í ka nínú ìyà yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ D/S (pé kó máa gbé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń kàwé) sínú ìwé ìwọlé rẹ̀ náà, ọjọ́ tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka àfi tí àjọ ìgbélùú tàbí adájọ́ bá sọ pé ó ti rú òfin. Mo mẹ́nu bà á torí àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé, tí iléèwé bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n wá ń ka ọdún mẹ́wàá sí ara wọn lọ́rùn láìbéèrè.

Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2013 ni ìjọba Obama ti fi nǹkan díẹ̀ tu àwọn èèyàn lára. Fọ́ọ̀mù I-601A ni. Dípò kéèyàn jáde kó tó máa bẹ̀bẹ̀ láti òkèèrè, ó lè jókòó sílé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá yẹn. Tí wọ́n bá fún un, ó lè jáde lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ẹ́ḿbásì, kó sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù Kẹjọ 2016 ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ kí ìdílé àwọn tó ní páálí lásán náà lè lò ó.

Ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kì í ṣe ìwà rere ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì. Wọ́n fẹ́ mọ ìyà tí yóò jẹ ẹni tó kù sílé. Ẹni yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ, ìyàwó, bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ sítísìn tàbí tó ní páálí. Ọmọ kò sí níbẹ̀. Ó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu pé ẹkún ọmọ ọdún mẹ́fà ò ní ìwọ̀n tirẹ̀ lórí òṣùwọ̀n yìí. Àfi kí wọ́n fi hàn pé àìsàn ọmọ náà yóò dá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, tí kò fi ní lè ṣiṣẹ́ òru mọ́. "Àárò ọkọ mi á máa sọ mí" kò tó, torí gbogbo ẹni tí a bá yà nípá ni àárò ń sọ. Lẹ́tà dókítà, ìwé gbèsè ilé, ìwé owó iléèwé ọmọ tó nílò olùkọ́ àrà ọ̀tọ̀, ẹ̀rí pé àìsàn ìyàwó kò ní ìtọ́jú níbi tí wọ́n fẹ́ kó bá ọkọ rẹ̀ lọ: irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni lọ́yà máa ń tò sínú fáìlì títí yóò fi nípọn bí ìwé orin ìjọ. Dọ́là 795 ni owó rẹ̀, èsì rẹ̀ sì ti ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mú dání nìyí o. I-601A kò dárí ohunkóhun jì ju ọjọ́ tí èèyàn gbé láìgbàṣẹ lọ. Wọ́n lè fọwọ́ sí i láì tí ì tú àṣírí yòókù. Èèyàn á wá gbé ìwé ìdáríjì rẹ̀ dé iwájú òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì, òṣìṣẹ́ á wo kọ̀ǹpútà, á gbójú sókè, á béèrè pé: "Ìgbà mélòó lo ti wọ Amẹ́ríkà?" Tí ìdáhùn rẹ̀ bá gbé ẹ̀sùn mìíràn jáde, ìwé ìdáríjì yẹn ti di òfo lójú ẹsẹ̀, ẹni náà sì ti wà lẹ́yìn odi. Kò tún sí ibi tó rọrùn láti pe ẹjọ́ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ obìnrin kan ní California tí ẹ́ḿbásì kọ̀ láti fún ọkọ rẹ̀, ará El Salvador, ní físà. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ tí sítísìn ní láti ṣègbéyàwó kò mú ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gba ọkọ rẹ̀ wọlé dání.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń pani

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Lágbájá.

Òfin 1996 kan náà ní abala tó le ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá ti gbé láìgbàṣẹ, tí àpapọ̀ ọjọ́ rẹ̀ lé ní ọdún kan, tó jáde, tó wá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé lẹ́ẹ̀kejì tàbí tó gbìyànjú bẹ́ẹ̀, ìfòfindè tirẹ̀ kò ní ọjọ́ ìparí. Ẹni tí wọ́n ti lé rí tó sì tún yọ́ wọlé, ọ̀kan náà ni. Ìgbéyàwó ò wò ó sàn, ọmọ ò wò ó sàn, I-601A ò débẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí òfin là sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù ni pé kí ẹni náà jáde, kó lo ọdún mẹ́wàá gbáko níta, lẹ́yìn náà kó wá fi fọ́ọ̀mù I-212 tọrọ àyè láti béèrè. Àyè láti béèrè ni, kì í ṣe físà. Ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn sì ti sọ ní 2006 pé kò sí bí ẹni tó wà nínú ìlú ṣe lè kọ fọ́ọ̀mù yẹn kí ọdún mẹ́wàá tó pé níta.

Lágbájá gbé ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ láìgbàṣẹ, ó jáde, ó yọ́ padà wọlé. Gbogbo àmì náà pé sí i lára. Ohun tó dùn mí jù nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni pé, ká ní kò lọ sìnkú ni, ká ní ó jókòó sí Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé fídíò WhatsApp ló fi wo òkú ìyá rẹ̀, tó sì pàdé Tẹ̀mẹ̀dù ní 2019 yẹn kan náà, ìwọlé rẹ̀ ti 2008 ì bá ti tó fún un láti gba páálí nínú ìlú. Ẹni tó jókòó, òfin ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó lọ ṣe ojúṣe ọmọ, òfin tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Fún ará Mẹ́síkò tàbí Guatemala, kì í sábà jẹ́ òkú ló fà á. Tiwọn ni pé ẹnubodè kò jìnnà sílé: ọkùnrin kan á lọ ṣiṣẹ́ oko ní California, á lọ wo ìyá rẹ̀ nígbà Kérésìmesì, á padà ní oṣù Kejì, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Kó tó di 1997, ọ̀pọ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn 1997, ìrìn kọ̀ọ̀kan di ẹ̀sùn tuntun. Ọ̀nà Kánádà náà kò yàtọ̀. Lọ́dún 2017 àti 2018, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gba ojú ọ̀nà Roxham láti New York wọ Quebec. Ẹni tí nǹkan ò ṣẹnuure fún níbẹ̀, tó bá fẹsẹ̀ rìn padà sí Amẹ́ríkà láìgba ẹnubodè, ojú kan náà ni òfin fi ń wò ó pẹ̀lú ẹni tó la Rio Grande.

Àwọn tí wọ́n mú ní bọ́dà tún ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì sinmi lórí bébà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn dá ẹni náà padà pé kó máa lọ sílé, kò sí àṣẹ ìlékúrò lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù I-860 ni wọ́n kọ, èyíinì ni àṣẹ ìlékúrò kíákíá tí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè lè pa láìsí adájọ́, ìfòfindè ọdún márùn-ún ti wọlé. Àṣẹ adájọ́ máa ń mú mẹ́wàá wá, ẹni tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀kejì á gba ogún. Lójú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí bàtà rẹ̀ tutù, tó ń fọwọ́ síwèé tí kò lè kà ní aago mẹ́ta òru, bébà ni bébà ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ èyí tí àwọn fọwọ́ sí títí dòní. Ìka wọn tí wọ́n tẹ̀ kò gbàgbé.

Ọkùnrin kan tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni Humberto Fernandez-Vargas, ará Mẹ́síkò. Wọ́n lé e kúrò ní 1981, ó yọ́ padà ní 1982, ó fìdí múlẹ̀ ní Utah, ó dá iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, ó bí ọmọkùnrin kan ní 1989. Ní 2001, ó gbé ìyá ọmọ náà níyàwó, sítísìn ni. Ìyàwó kọ ìwé fún un, òun náà béèrè páálí. Ìwé tí wọ́n fi béèrè yẹn ló ta ìjọba lólobó. Ní 2003, wọ́n kàn gbé àṣẹ ìlékúrò 1981 yẹn jáde láti inú fáìlì, wọ́n ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́, láìtún gbé e dé iwájú adájọ́. Wọ́n tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́wàá, wọ́n sì lé e lọ sí Juárez ní oṣù Kẹsàn-án 2004. Lọ́yà rẹ̀ ní òfin 1996 kò yẹ kó dé bá ẹni tó ti wọlé láti 1982. Ní oṣù Kẹfà 2006, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án sọ pé ó dé bá a. Ìdájọ́ yẹn ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti lé rí tó yọ́ padà, òṣìṣẹ́ àjọ ìgbélùú lásán lè jí àṣẹ àtijọ́ dìde, wọ́n sì tún lè fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án, kó fẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ síjọba nítorí pé "ìyàwó mi ti di sítísìn", ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi júwe ilé fún wọn.

Ilẹ̀kùn tó ṣí fún ọ̀sẹ̀ kan

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2024, Ààrẹ Joe Biden kéde ètò Keeping Families Together. Ẹni tó bá yọ́ wọlé, àmọ́ tó ti wà nínú ìlú láìjáde láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2014, tó sì ti fẹ́ sítísìn títí di ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2024, ìjọba máa fún un ní ìwé tó dà bíi pé ó gba ẹnubodè wọlé, kó lè gba páálí nínú ìlú. Ìjọba fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ọkọ àti ìyàwó ló lè jàǹfààní rẹ̀. Dọ́là 580 ni owó rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 26, lẹ́yìn tí Texas àti ìpínlẹ̀ 15 mìíràn pẹjọ́, Adájọ́ J. Campbell Barker ní ìlú Tyler dá a dúró. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé Donald Trump wọlé, ó wọ́gi lé e pátápátá. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń pín ìkéde àtijọ́ yẹn kiri lórí WhatsApp. Ó ti kú.

Èyí tó ṣẹ́ kù nínú irú rẹ̀ ni ti ìdílé ológun: ọkọ, ìyàwó, òbí àti ọmọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun tàbí tó ti ṣe é rí lè tọrọ irú ìwé náà. Ó ń wo àìgba ẹnubodè sàn. Kò wo ẹ̀ẹ̀kejì sàn.

Àwọn àgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni, bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá iṣẹ́, bá ti kọ ìwé fún wọn ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 2001 tàbí ṣáájú rẹ̀ (ẹni tí ìwé rẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní 1998 gbọ́dọ̀ tún fi hàn pé òun wà ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2000), abala 245(i) jẹ́ kí wọ́n san owó ìtanràn dọ́là 1,000, kí wọ́n gba páálí nínú ìlú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n gbà. Ìwé yẹn lè wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí. Ó yẹ kéèyàn wá a. Àmọ́ ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ní 2007 pé òun náà kò ran ẹni tó wà nínú ìfòfindè ẹ̀ẹ̀kejì lọ́wọ́.

Ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ sítísìn ń lù lè kọ ìwé fúnra rẹ̀ láìsọ fún un, òfin sì ní ìdáríjì pàtàkì fún un, tó lè dé orí ẹ̀ẹ̀kejì pàápàá tí lílù náà bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìjáde tàbí ìwọlé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n hùwà ọ̀daràn sí, tó ran ọlọ́pàá lọ́wọ́, lè tọrọ físà U. 10,000 péré ni wọ́n ń fún lọ́dún, ìlà rẹ̀ sì gùn.

Fún Lágbájá, ọ̀nà kan ṣì wà tí kò gbọdọ̀ fojú di. Ẹni tó bá ti wà nínú ìlú fún ọdún mẹ́wàá léraléra, tí ìwà rẹ̀ dára, lè bẹ adájọ́ pé kó fagi lé ìlékúrò rẹ̀. Níbí, àwọn ọmọ wà nínú ẹni tí wọ́n ń wo ìyà rẹ̀. Lágbájá wọlé ní 2016. Ọdún mẹ́wàá rẹ̀ pé ní 2026, nítorí kò sí àṣẹ ìlékúrò àtijọ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti I-601A lọ fíìfíì, 4,000 èèyàn ni òfin gbà láàyè lọ́dún, èyí tó le jù sì ni pé kò sí fọ́ọ̀mù tí èèyàn lè jókòó sílé kọ. Iwájú adájọ́ nìkan ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, ìyẹn ni pé ìjọba gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ láti lé e.

Bí nǹkan ṣe rí báyìí

Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé adájọ́ ìgbélùú kò lágbára láti fún ẹni tó yọ́ wọ ìlú ní béèlì, iye ọdún yòówù kó ti lò. Àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti mú èèyàn ló ń pinnu. Ẹ wá wo ọ̀nà Lágbájá yẹn: kó tó lè bẹ adájọ́, ó lè kọ́kọ́ jókòó sí àtìmọ́lé.

Fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀nà ìta náà ti há. Ìkéde tí Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2025 fi Nàìjíríà àti Benin kún àwọn ìlú tí wọ́n dá físà ìgbélùú wọn dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026. Togo ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹfà 2025. Ìkéde ti tẹ́lẹ̀ yọ ọkọ àti ìyàwó sítísìn sílẹ̀, èyí kò yọ wọ́n. USCIS, àjọ ìgbélùú Amẹ́ríkà, náà ní kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ dá ìpinnu dúró lórí ìwé àwọn ará ìlú wọ̀nyí tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní I-601A tí wọ́n ti fọwọ́ sí, tó wá wọ bàálù lọ sí Lagos báyìí nítorí pé "gbogbo ẹ̀ ti parí", ilẹ̀kùn tí kò ní ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ń lọ kàn.

Kí ni Tẹ̀mẹ̀dù lè ṣe? Kó má tí ì kọ I-130. Kó mú bébà kan, kí òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí tábìlì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kí wọ́n kọ gbogbo ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, ibi tó gbà, ẹni tó rí i, ìwé tó fọwọ́ sí, ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ìka. Kó sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò tí ì sọ ti Darién yẹn rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí lọ́yà bá wọn béèrè fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àjọ ìjọba lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn, kí wọ́n rí ohun tí kọ̀ǹpútà rí. Lọ́yà ni mo wí, tàbí aṣojú tí ìjọba fún níwèé àṣẹ, kì í ṣe ejẹ́ńtì tó ń kọ fọ́ọ̀mù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fóònù. Bí Lágbájá bá sì ti ṣe ìgbéyàwó ìwé rí ṣáájú Tẹ̀mẹ̀dù, kó sọ ìyẹn náà, torí tí ìjọba bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọn kò ní fọwọ́ sí ìwé tí ìyàwó tòótọ́ bá kọ fún un láéláé.

Tó bá wá pinnu pé òun á lọ lo ọdún mẹ́wàá náà, láti ọjọ́ tó bá jáde ni wọ́n ti ń kà á. Àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún lónìí á ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí I-212 tó ṣeé kọ. Tó bá sì yọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ì báà jẹ́ fún òru kan nítorí àìsàn ọmọ, gbogbo ohun tó ti kà dànù, òǹkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.